Ara Bàbá Mi Kò Gbóná, Síbẹ̀ Wọ́n Ní Àrùn Ti Wọ Ẹ̀jẹ̀ Wọn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 71, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi rọ́bà tọ̀ nítorí próstéètì. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó kàn ń rẹ̀ wọ́n ni, wọn kò jẹun, àmọ́ ara wọn kò gbóná rárá. Kẹ́míìsì àdúgbò wa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, ó fún wọn ní abẹ́rẹ́ àti dírípù fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n ń pè mí. A sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀, pé sepsis ni. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n ti padà sílé. Àwọn ará ilé ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló dọ̀tí, kí a wá àgbo tí yóò fọ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ẹnikẹ́ni lè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí wọn? Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, SS ni. Ṣé kì í ṣe pé ewu kan náà ló wà lórí tirẹ̀? Ṣé kí n máa tọ́jú abẹ́rẹ́ àǹtíbáyọ́tíìkì sílé de ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀?"

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ sì kú ewu. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ọ̀kan ló ń dùn yín jù: ṣé a lè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó lè mọ ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀, àmọ́ a lè mọ ẹni tó lè ṣẹlẹ̀ sí, ó lè tó oṣù bíi mélòó kan ṣáájú. Ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ló gbé bàbá yín wá sí wọ́ọ̀dù wa, bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, kí wọ́n tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni a ti máa ka orúkọ wọn mọ́ ti àwọn tí ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára wọn. Ẹ̀bi yín kọ́ ni pé ẹ kò mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti fi rọ́bà sí wọn lára ló yẹ kí ẹnì kan ti jókòó ṣàlàyé fún yín, ohun tí kò sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó dọ̀tí kúrò nílẹ̀. Kòkòrò bakitéríà kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó lè ráyè wọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bóyá nígbà tí a fọ eyín tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ àti àwọn ọmọ ogun ara á ti gbá a dànù kí a tó mọ̀. Wàhálà máa ń dé nígbà tí kòkòrò bá pọ̀ ju èyí tí ara lè gbá lọ, tàbí tí ibì kan bá wà nínú ara tó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ láìdáwọ́ dúró: àpò ìtọ̀ tó ti ní àrùn, ẹ̀dọ̀fóró, egbò, ilé ọmọ. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Sepsis tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tún ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fẹnu kò pé sepsis ni kí ara máa bá àrùn jà lọ́nà tí kò níjàánu mọ́, débi pé ó ń ba àwọn ẹ̀yà ara tirẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ọdẹ àdúgbò tí olè wọlé tọ̀ lóru, tó wá ń yìnbọn sí gbogbo ibi tó bá ti rí òjìji. Olè lè kú lóòótọ́, àmọ́ àwọn onílé ló máa fara gbọta jù. Kíndìnrín, ọpọlọ, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ló máa ń fara gba ti sepsis. Ìdí nìyẹn tí òtútù àyà fi lè di sepsis fún èèyàn kí láàbù má sì rí kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kòkòrò sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn láìtíì di sepsis. Kò sí èyí tí a lè fọ̀ nínú méjèèjì. Àgbo tí wọ́n ní kí ẹ fún bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀tá àgbo, inú ilé tí wọ́n ti ń sè é ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n kíndìnrín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ sepsis kò yẹ ní ohun tí à ń fi nǹkan tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán wò.

Àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ìṣirò kan tó jáde ní 2020 fi hàn pé lọ́dún 2017 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.9 ìgbà ni sepsis mú èèyàn káàkiri àgbáyé, mílíọ̀nù 11 èèyàn ló sì bá a lọ. Ìyẹn ni pé nínú ẹni márùn-ún tó kú lọ́dún náà, ọwọ́ sepsis wà nínú ikú ẹnì kan. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí. Síbẹ̀, ẹ kì í rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìkéde òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. "Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ mọ ẹni tí ewu náà sún mọ́, ohun méjì ni mo máa ń bi ara mi. Ibo ni kòkòrò lè gbà wọ ara ẹni yìí? Kí ló sì ti dín agbára ara rẹ̀ kù láti lé e jáde? Ẹni tó ní ìdáhùn sí ọ̀kan, mo máa ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ní ìdáhùn sí méjèèjì, n kì í dúró de ibà kí n tó gbé ìgbésẹ̀. Bàbá yín ní ìdáhùn sí méjèèjì: rọ́bà wà lára wọn, próstéètì sì ń dá ìtọ̀ dúró, ìtọ̀ ṣúgà ń mú kí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́ra lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ orí náà sì ń dá tirẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rọ́bà ìtọ̀ yìí, nítorí òun ni a máa ń fojú kéré jù nínú ilé. Ìtọ̀ tó ń ṣàn jáde fúnra rẹ̀ máa ń gbá kòkòrò dànù bó ṣe ń lọ. Tí rọ́bà bá ti wà níbẹ̀, kòkòrò á rí ohun dì mọ́, á máa gùn ún bọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, á sì ta àwọ̀ fẹ́lẹ́ kan tó ń yọ̀ sára rẹ̀, èyí tí àǹtíbáyọ́tíìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí rọ́bà bá fi wà lára, nǹkan bí ẹni 3 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni kòkòrò tún máa bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ìtọ̀ wọn. Tó bá fi máa pé oṣù kan, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo wọn. Nítorí náà, tí láàbù bá sọ fún yín pé kòkòrò wà nínú ìtọ̀ bàbá, tí bàbá sì ń jẹun, tí wọ́n ń bá yín ṣàwàdà, ẹ má sáré lọ ra oògùn. Oògùn tí a lò láìnídìí ló ń sọ kòkòrò di èyí tí oògùn kò ràn mọ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ìgbà tí ewu máa ń dé ni ìgbà tí rọ́bà bá dí tí ìtọ̀ sì ń padà lọ sókè síbi kíndìnrín, tàbí tí ẹnì kan fà á ní ìfàkufà tí inú sì bó. Ohun kan tí mo máa ń rí nìyí: tí wọ́n bá fẹ́ gbé àgbàlagbà wọ ọkọ̀, ẹnì kan á gbé àpò ìtọ̀ lé e láyà kó má baà kọ́ ilẹ̀kùn, gbogbo ìtọ̀ tó ti wà nínú àpò láti àárọ̀ á sì ṣàn padà sínú wọn. Ibi tó relẹ̀ ju ikùn wọn lọ ni kí àpò náà máa wà nígbà gbogbo, àmọ́ kó má kan ilẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ dà á fọ ọwọ́ ṣáájú, kó sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má máa já ibi tí rọ́bà ti so mọ́ àpò. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì lọ rí dókítà wọn, ẹ bi í pé ìgbà wo ni rọ́bà yìí máa kúrò. Oṣù mẹ́ta ti pẹ́. Tó bá jẹ́ pé owó iṣẹ́ abẹ ni a ń dúró dè, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ̀ pé ìdúró yẹn náà ní iye tó ń ná wa.

Bàbá yín nìkan kọ́ ni ewu yìí sún mọ́. Ọmọ tuntun tí kò tíì pé oṣù kan wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ẹ má retí pé kí ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbóná dandan. Kó kọ ọmú, kí ara rẹ̀ tutù, kó máa mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, kó má mira àfi tí ẹ bá fọwọ́ tọ́ ọ: ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó kí ẹ gbé e dìde. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ 42. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ohun tó ń dà lójú ara rẹ̀ sì ń rùn, ẹ má sọ pé omi ọmú ló ń gun orí. Láti 1847 ni dókítà kan, Ignaz Semmelweis, ti fi hàn nílùú Vienna pé tí àwọn dókítà bá fi omi oní-chlorine fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan abiyamọ, ikú á dín kù gidigidi láàárín wọn, síbẹ̀ mo ṣì ń rí wọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ omi kò ti yọ omi. Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń fi rọ́bà ọrùn fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín, ẹni tó ní HIV tí kò lo oògùn rẹ̀, ọmọ tí kò róúnjẹ jẹ dáadáa, ẹni tí iná jó, arúgbó tí ìdùbúlẹ̀ ti dá egbò sí ní ìdí. Ẹgbẹ́ kan tún wà tí kò mọ̀ pé òun wà lára wọn rárá, àwọn tó ń ra prednisolone tàbí dexamethasone ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra, tàbí tí wọ́n ń lo àpòpọ̀ oògùn eegun ríro tí wọ́n ti po irú rẹ̀ mọ́. Oògùn yẹn ń dá àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ kọ́, ó sì tún ń bo ibà mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ní ìyá àgbà kan nílé tó ń lo "oògùn eegun" inú páálí tí kò lórúkọ, ẹ sọ fún dókítà kó tó bèèrè.

Mo wá dé ibi tó rú yín lójú jù, ti ara tí kò gbóná. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé níbi tí ibà kò bá sí, kò lè sí àrùn. Lára àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ara tó ti dàgbà, ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ara ọmọ tuntun, ara ẹni tó ti mu paracetamol láàárọ̀, gbogbo wọn lè ní sepsis kí tẹmómítà má sọ nǹkan kan. Èyí tó tiẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù jù ni tẹmómítà tó bá lọ sísàlẹ̀ 36, nítorí ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé agbára ara ti ń tán. Lára arúgbó, iyè ni àìsàn máa ń kọ́kọ́ kọlù: wọ́n á máa sọ ìrànrán, wọ́n á máa sùn lọ́sàn-án tí wọn kì í sùn tẹ́lẹ̀, wọ́n á kọ oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ọjọ́bọ̀ tí ó rẹ bàbá tí wọn kò sì jẹun, ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di pé wọ́n ń pe àbúrò wọn tó ti kú, ọpọlọ ti ń jẹ nínú ìyà náà.

Tí mo bá ní kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo lò nínú lẹ́tà yìí, kíka èémí ni. Òun ni àmì tó máa ń tètè yí padà jù, òun náà ni ẹnikẹ́ni kì í kà, àní ní ọsibítù pàápàá. Mo ti rí ṣáàtì wọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìgbà 20 géérégé ni gbogbo aláìsàn ibẹ̀ ń mí. Ẹ jókòó ti bàbá, ẹ má sọ fún wọn, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun kò ní mí bó ṣe ń mí mọ́. Ẹ fojú sí ikùn tàbí àyà wọn, ẹ tan aago fóònù yín, kí ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kí àyà gòkè kó sì wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20. Tó bá ti di 22 tí wọn kò gun àtẹ̀gùn, tí wọn kò sì jà, ẹ tún un kà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ múra. Lẹ́yìn èémí, ẹ wo àpò ìtọ̀. Ibi kan ṣoṣo tí rọ́bà yẹn ti ṣe yín lóore nìyí, ó jẹ́ kí ẹ lè wọn ìtọ̀. Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 60 yẹ kó tọ̀ tó mílílítà 30 ó kéré tán ní wákàtí kan. Tí àpò tí ẹ dà ní aago méje àárọ̀ kò bá tíì tó 180 ní aago kan ọ̀sán, tí rọ́bà kò sì dí, ara ń fi omi pamọ́ ni, tàbí kíndìnrín ti ń rẹ̀.

Àwọ̀ ara náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ìwé àwọn òyìnbó máa ń ní kí a wá ara tó funfun tàbí tó pọ́n, èyí tí kò wúlò lára aláwọ̀ dúdú. Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, ètè, èrìgì àti inú ìpéǹpéjú ni kí ẹ máa wò. Ẹ tẹ orí èékánná títí yóò fi funfun, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti fi wo ọ́síjìn dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ó fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ náà máa ń kùnà láti rí ọ́síjìn tó ti lọ sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti kó gbogbo èyí jọ sínú ìṣirò kékeré. Èyí tó jáde ní 2016, qSOFA, bèèrè ohun mẹ́ta: ṣé èémí ti tó 22, ṣé nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti dé 100 tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀, ṣé iyè ti ń dàrú? Ẹni tó bá ní méjì nínú wọn wà nínú ewu ńlá. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó fọhùn, èyí ló fà á tí ìlànà àgbáyé ti 2021 lórí ìtọ́jú sepsis fi ní kí a má gbára lé òun nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NEWS2 ni wọ́n ń lò láti 2017. Ó ń fún èémí, ọ́síjìn, ìfúnpá, ìlù ọkàn, ìgbóná ara àti iyè ní máàkì kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti di 5, dókítà gbọ́dọ̀ tètè wá, tó bá di 7, pàjáwìrì ni. Mo fẹ́ràn ti èyí jù, àmọ́ òun náà kì í rí àwọn kan tó ní in, ó sì ń pariwo lórí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Kò sí ìṣirò tó mọ bàbá yín bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n. Nígbà tí ọmọ ẹni ọdún 13 kan, Martha Mills, kú nípa sepsis ní England ní 2021 lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ké pé nǹkan kò dára, ìjọba ibẹ̀ gbé òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè kalẹ̀ láti 2024, kí ẹbí lè máa pe ikọ̀ dókítà mìíràn fúnra wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún wọn pé ó wà. Níbí, ẹnu yín ni òfin náà. Ẹ sọ ọ́ ketekete pé: "Bí wọ́n ṣe máa ń rí kọ́ nìyí. Ṣé kò lè jẹ́ sepsis?"

Ti kẹ́míìsì ńkọ́? N kò ní bú u, nítorí òun ló sún mọ́ yín jù, òun náà ló ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ bébà "ibà àti táífọ́ọ̀dù" yẹn ti pa èèyàn púpọ̀ nílẹ̀ wa nípa fífi ọkàn wọn balẹ̀. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń sọ pé táífọ́ọ̀dù wà ń wá àmì pé ara ti bá kòkòrò tó jọ ti táífọ́ọ̀dù pàdé rí. Kò wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Nílùú tí gbogbo wa ti jọ ń mu omi kànga àti ti ọ̀rá, ó lè rí i lára ẹni tó ń jó níbi ìnáwó. Ti ibà náà jọ ọ́: kòkòrò ibà díẹ̀ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kó má jẹ́ òun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lára ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibà máa ń la ọ̀nà fún kòkòrò Salmonella láti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n rí ibà kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan mìíràn.

Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní blood culture, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ohun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ dàgbà nínú ìgò. Wọ́n á fi spirit nu ojú ara, wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á fa mílílítà 8 sí 10 sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ìgò méjì láti apá kan, méjì láti apá kejì. Ìgbà yìí ni ẹbí máa ń bínú: "Ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, ṣé ẹ fẹ́ lọ tà á ni?" Ìdí tó fi pọ̀ ni pé nínú mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó ń kú lọ, kòkòrò tó wà níbẹ̀ lè má ju ẹyọ kan lọ. Apá méjì sì ni nítorí kòkòrò tó ń gbé lójú ara lè bọ́ sínú ìgò kan kó tan wá jẹ. Èsì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n sì máa ń dúró di ọjọ́ márùn-ún. Kò sí ní gbogbo ọsibítù, owó rẹ̀ kò sì kéré. Tí aláìsàn bá ti gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní kẹ́míìsì, kòkòrò lè má hù mọ́, a ó sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn.

Nígbà tí ìfúnpá bá ti ń lọ sílẹ̀, ìlànà 2021 ní kí àǹtíbáyọ́tíìkì wọlé láàárín wákàtí kan. Níbi tí a kò bá tíì dá a mọ̀ dájú, tí ìfúnpá sì dúró dáadáa, àyè wákàtí mẹ́ta wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí mi, nítorí tí a bá ń fún gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ gbóná ní oògùn tó le jù, oògùn náà á bàjẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Ní ti dírípù tí gbogbo ẹbí máa ń bẹ̀bẹ̀ fún, ó ní àkókò tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ, ó sì lè pa. Ní 2011, ìwádìí kan lórí àwọn ọmọ tó lé ní 3,000 ní Kenya, Uganda àti Tanzania fi hàn pé àwọn tí wọ́n sáré da omi púpọ̀ sí lára kú ju àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ. Ní Zambia ní 2017, wọ́n rí irú rẹ̀ lára àwọn àgbàlagbà tó ní sepsis, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní HIV. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ èémí àti ẹ̀dọ̀fóró ló yẹ kó máa fi omi síni lára.

Ọmọ yín wá ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lára àwọn tí ewu yìí sún mọ́, ọ̀nà tirẹ̀ ló yàtọ̀. Lábẹ́ egungun ìhà òsì, ẹ̀yà ara kan wà tí wọ́n ń pè ní spleen, tó ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde máa ń dí àwọn iṣan inú rẹ̀ láti ìgbà ọmọ ọwọ́, tí ọmọ bá fi máa pé ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Kòkòrò tó máa ń fa òtútù àyà, pneumococcus, ló máa ń lo àǹfààní yìí jù, ó sì lè gbé ọmọ tó ń ṣeré láàárọ̀ dé ẹnu ikú lálẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1986, fi hàn pé penicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dín àrùn yìí kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ ọdún mẹ́rin sábà máa ń jẹ́ 250 mg láàárọ̀ àti 250 mg lálẹ́, títí yóò fi pé ọdún márùn-ún. Ẹ bi dókítà rẹ̀ bóyá ó wà lórí rẹ̀. Ẹ wo káàdì àjẹsára rẹ̀ bóyá ó gba PCV, àjẹsára tó ń dènà pneumococcus yìí, lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìparí 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí ọmọ SS nílò lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa fi owó ara yín rà wọ́n. Ẹ má sì rò pé penicillin ti parí gbogbo iṣẹ́, nítorí Salmonella náà ń wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ SS nílẹ̀ Áfíríkà, penicillin yìí kì í sì í dá a dúró. Nítorí náà, ọjọ́ tí tẹmómítà bá ti fi 38.5 hàn lára rẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni, kódà kí àyẹ̀wò fi hàn pé ibà wà.

Ní ti abẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ máa tọ́jú sílé, mi ò fara mọ́ ọn. Penicillin onímímu, bẹ́ẹ̀ ni, kó má tán nílé. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan gún fún un láìsí àyẹ̀wò máa jẹ́ kí ìgò láàbù gbófo, á sì mú kí ẹ sùn mọ́jú nílé lálẹ́ tó yẹ kí ẹ wà lọ́nà. Ká ní abúlé tó jìn sí ọsibítù ni ẹ wà, èrò mi lè yàtọ̀. Àwọn dókítà kan máa ń kọ oògùn pàjáwìrì fún irú òbí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àlàyé pé kí wọ́n lò ó kí wọ́n sì máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, owó abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ fi pamọ́ fún ọkọ̀ òru. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí bébà kan fún àwọn méjèèjì: àìsàn tó wà lára wọn, oògùn tí wọ́n ń lò, iye ìgbà tí wọ́n ń mí nígbà tí ara wọn bá yá. Ti bàbá, ẹ kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti ní sepsis rí, nítorí ẹni tó bá ti ní in máa ń tètè padà sí ọsibítù láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì tó bá sì kà á lẹ́nu ọ̀nà kò ní jẹ́ kí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì.